Shopify ni tàbí WooCommerce? Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí owó yóò gbà wọlé

Ìbéèrè: Bàtà awọ àti báàgì ni mò ń ṣe, irú wọn tó 60. WhatsApp àti Instagram ni mo fi ń tà. Èmi àti àbúrò mi nìkan la wà nídìí iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jinlẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Mo fẹ́ ṣí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní kí n lo WooCommerce torí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹlòmíì ní Shopify ló rọrùn jù. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Pèpéle ìtajà, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni Shopify àti WooCommerce. Àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn kò parọ́, àmọ́ ibi tí kò yẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó wo ẹwà ìsọ̀ tàbí owó oṣù, ẹ wo ọ̀nà tí owó oníbàárà yóò gbà dé àkáǹtì yín. Ẹ kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó fún yín báyìí sílẹ̀: ṣé káàdì ni, ṣé ìfowóránṣẹ́ láti báǹkì ni, ṣé owó orí fóònù ni, àbí owó lọ́wọ́ nígbà tí ọjà bá dé? Lẹ́yìn náà, ẹ wá ilé iṣẹ́ ìsanwó tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yín, tó ń gba àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn, tó sì lè san owó sínú àkáǹtì yín ní owó tí ẹ ń ná. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ti rí ilé iṣẹ́ náà ni kí ẹ wá béèrè pé pèpéle ìtajà wo ló bá a rẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é lódì: wọ́n á kọ́ ìsọ̀ tán, wọ́n á ko àwòrán sí i tán, kí wọ́n tó rí i pé kò sí ojú ìsanwó tí oníbàárà àwọn lè lò níbẹ̀.

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìsanwó kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ìdá mélòó ni wọ́n ń yọ lórí owó kọ̀ọ̀kan, ṣé owó pàtó kan tún wà lórí ìdá náà? Ọjọ́ mélòó ni owó ń lò lọ́dọ̀ wọn kó tó bọ́ sí báǹkì yín? Tí ẹni tó ni káàdì bá lọ sọ fún báǹkì rẹ̀ pé òun kọ́ lòun ra ọjà, ẹ̀rí wo ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín, ta ni yóò sì ru gbèsè yẹn? Tí ẹ bá dá owó padà fún oníbàárà, ṣé wọ́n á dá owó iṣẹ́ tiwọn náà padà? Ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn kì í sábà dùn mọ́ni. Stripe àti PayPal, fún àpẹẹrẹ, kì í dá owó iṣẹ́ tí wọ́n ti yọ padà. Fún ẹni tó ń ta bàtà, tó lè fún ẹsẹ̀ tàbí kó tóbi jù, kékeré kọ́ lọ̀rọ̀ yìí.

Ní báyìí, ó di orí Shopify. Wọ́n ní ojú ìsanwó tiwọn, Shopify Payments, àmọ́ kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti ń ṣiṣẹ́. Níbi tí kò bá sí, ẹ lè so ilé iṣẹ́ ìsanwó mìíràn mọ́ ìsọ̀ yín, ṣùgbọ́n Shopify á yọ tirẹ̀ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ yẹn bá ti yọ tiwọn: 2% lórí ètò Basic, ó sì ń dín kù lórí àwọn ètò tó wọ́n jù ú lọ. Ẹni tó bá gbọ́ 2% lè ní kí ni ti pé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ta báàgì kan ní 100. Awọ, síìpù àti owó iṣẹ́ gbé 60. Ìpolówó gbé 10, páálí àti ìnáwó ilé iṣẹ́ gbé 12, ilé iṣẹ́ ìsanwó yọ 3. Èrè tó kù jẹ́ 15. Bí Shopify bá mú 2 nínú 15 yẹn, ó ti gba ju ìdá kan nínú mẹ́jọ èrè yín lọ, láìtíì ka owó oṣù. Ìṣirò kan náà ni ẹ ó fi mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ gun ètò tó tẹ̀ lé e. Bí ètò yẹn bá fi 1% dín owó tí wọ́n ń yọ kù, ẹ mú ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó oṣù ètò méjèèjì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Tí ọjà tí ẹ ń tà lóṣù kò bá tó iye yẹn, ẹ jókòó sórí Basic.

Ẹni tó ní ọ̀fẹ́ ni WooCommerce tọ̀nà dé ibì kan. Plugin, ìyẹn àfikún, tó ń jókòó lórí WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ni, ó ti wà láti ọdún 2011, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í yọ ìdá kankan lórí ọjà tí ẹ bá fi ilé iṣẹ́ ìsanwó tí ẹ yàn fúnra yín tà. Ohun tó ń jẹ owó ni gbogbo ohun tó yí i ká: domain (orúkọ ìsọ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì), hosting (àyè tí ẹ ń yá kí ìsọ̀ máa gbé), àwọn plugin tí wọ́n ń sanwó wọn lọ́dọọdún, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún owó hosting ọdún àkọ́kọ́. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìwé jẹ́ iye ìfàmọ́ra. Iye ọdún kejì ni kí ẹ wá, ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Ní ti plugin, tí owó ọdún rẹ̀ bá tán, kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á máa ṣiṣẹ́ lọ, update (àtúnṣe tuntun) ló máa dáwọ́ dúró, títí di ọjọ́ tí WordPress fúnra rẹ̀ bá yí padà tí plugin àtijọ́ náà kò sì bá a mu mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo ìwé àṣẹ plugin wà ní orúkọ yín àti lórí ímeèlì yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ìsọ̀ fúnni ń lo ìwé àṣẹ tiwọn fún oníbàárà 20 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀nà yín àti tiwọn bá pín, update ti tán nìyẹn.

Àṣìṣe tó máa ń dun oníṣòwò jù lórí WooCommerce ni ti owó tó wọlé tí ìsọ̀ kò mọ̀ pé ó wọlé. Oníbàárà sanwó tán lójú ìwé ilé iṣẹ́ ìsanwó, ó sì pa fóònù rẹ̀ láìdúró kó padà sínú ìsọ̀ yín. Ilé iṣẹ́ ìsanwó ló yẹ kó ta ìsọ̀ lólobó lábẹ́lẹ̀ pé owó ti dé. Ìkéde yìí ni wọ́n ń pè ní webhook. Tí àdírẹ́sì tí ẹ fún wọn bá ṣì jẹ́ http nígbà tí ìsọ̀ ti di https (irú àdírẹ́sì tó ní ààbò), tàbí tí plugin ààbò kan bá ka ìkéde náà sí ti ọ̀tá, kò ní wọlé. Pending payment (owó kò tíì wọlé) ni ìsọ̀ yóò máa kọ síwájú orúkọ oníbàárà yẹn. WooCommerce sì ní ètò kan tó ń jẹ́ Hold stock, ìṣẹ́jú 60 ló sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú yẹn bá pé tí ìsọ̀ kò tíì rí owó, á fagi lé ohun tí oníbàárà rà, á sì tú bàtà náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Owó ẹni méjì lọ́wọ́ yín, bàtà kan ṣoṣo nílẹ̀. Kí ó má bàa rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ojú ìwé webhook nínú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìsanwó, kí ẹ wo èsì tí ìkéde kọ̀ọ̀kan gbà. 200 ni èsì rere. 403 túmọ̀ sí pé ẹ̀ṣọ́ ààbò ló lé e padà, 404 pé àdírẹ́sì ò tọ̀nà, 301, tó túmọ̀ sí pé àdírẹ́sì ti ṣí lọ síbòmíràn, sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ http àti https, tàbí www tó ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Ìfowóránṣẹ́ láti báǹkì ní ìṣòro tirẹ̀, òdìkejì èyí ni. On hold (ó ṣì ń dúró) ni WooCommerce ń kọ sára irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ó ti yọ bàtà kúrò nínú iye tó wà nílẹ̀, ìṣẹ́jú 60 yẹn kò sì kàn án. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ wá sanwó, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ti fi bàtà yín sí àtìmọ́lé títí ẹ ó fi fọwọ́ ara yín fagi lé e. Ẹ yan àkókò kan lójúmọ́ tí àbúrò yín yóò máa yẹ gbogbo On hold tó ti ju wákàtí 24 lọ wò.

Cache náà ń bẹ. Hosting tó bá ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ìwé kí ìsọ̀ lè yára gbọ́dọ̀ fi ojú ìwé mẹ́ta sílẹ̀: apẹ̀rẹ̀ ọjà, ojú ìsanwó àti ojú ìwé àkáǹtì oníbàárà. Tí kò bá fi wọ́n sílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ á máa hàn lófìfo fún ẹni tó ti kó ọjà sí i, tàbí kí oníbàárà kan rí àdírẹ́sì ẹlòmíì. Ìyẹn lè mú òfin dání. Ẹ fi fóònù méjì dán an wò, kí orúkọ tí ẹ fi wọlé lórí wọn yàtọ̀ síra.

Ẹ̀dà ìpamọ́ pàápàá ní ewu tí wọn kì í sọ fúnni. Ká ní hosting yín ń ṣe ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní òru. Plugin kan ba ìsọ̀ jẹ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ sì dá ẹ̀dà òru padà. Ìsọ̀ á jí, àmọ́ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn rà láti òwúrọ̀ ti parẹ́, owó wọn sì wà lọ́wọ́ yín. Fún ìsọ̀ tó ń tà lójoojúmọ́, ẹ̀dà wákàtí-wákàtí ni kí ẹ béèrè fún, ó kéré tán ti database (ibi tí àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n rà wà). Update náà kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ìsọ̀ gangan kó tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀dà ìdánwò, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe é nígbà tí ẹ̀dínwó ńlá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ímeèlì ló kù. Tí oníbàárà bá ní òun kò rí ìwé ẹ̀rí ìsanwó, ó sábà máa ń jẹ́ pé sáfà hosting (kọ̀ǹpútà tí ìsọ̀ ń gbé lórí rẹ̀) ló ń fi ímeèlì ránṣẹ́ ní orúkọ yín láìní ẹ̀rí pé ẹ rán an. Ẹ gba iṣẹ́ ìfímeèlì-ránṣẹ́ kan, kí ẹ sì fi SPF, DKIM àti DMARC, àwọn àmì tó ń jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ rán ímeèlì, sínú ètò domain yín. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti mú òfin yìí le.

Lórí Shopify, sáfà, cache, ẹ̀dà àti update kì í ṣe iṣẹ́ yín, ojú ìsanwó náà sì wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn. Ohun tí owó oṣù wọn ń rà gan-an nìyẹn. Tiwọn náà kò ṣàì ní ààlà ṣá. Ọjà kan kò lè ní ju ọ̀nà ìyàtọ̀ mẹ́ta lọ, bíi nọ́ńbà, àwọ̀ àti irú awọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí oníbàárà tún yan gíga gìgísẹ̀, tàbí kó kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí orúkọ tí ẹ óò tẹ̀ sára báàgì, ó di kí ẹ wá áàpù tàbí kí ẹ tún theme (àwòṣe ojú ìsọ̀) ṣe. Áàpù ni ibi tí owó ti ń jò lórí Shopify: ọ̀kan fún ìwọ̀n, ọ̀kan fún èrò oníbàárà, ọ̀kan fún ẹ̀dínwó, owó oṣù sì wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ka iye áàpù tí ẹ nílò kí ẹ tó fi owó Shopify wé ti WooCommerce.

WooCommerce kò pààlà ọ̀nà ìyàtọ̀, àmọ́ ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí oníbàtà mọ̀. Bàtà tó ní nọ́ńbà 36 sí 45 àti àwọ̀ mẹ́ta ti di oríṣi 30. Tí ẹ bá fi awọ méjì kún un, ó di 60. Tó bá ti ju 30 lọ, WooCommerce kì í kó gbogbo oríṣi náà sójú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Oníbàárà á lè yan 42 dúdú tí kò sí nílẹ̀, ẹ̀yìn tó bá ti yàn án tán ni ìsọ̀ yóò tó sọ fún un pé kò sí. Inú á bí i. Àtúnṣe tó rọrùn jù ni kí ẹ sọ irú awọ kọ̀ọ̀kan di ọjà ọ̀tọ̀, pẹ̀lú àwòrán tirẹ̀.

Kí n tó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìfọjàránṣẹ́: ẹ wọn báàgì àti bàtà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páálí rẹ̀, kí ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ sí i. Ọjà tí kò ní ìwúwo, òfo ni ètò tó ń fi ìwúwo ṣírò yóò kà á sí. Lórí WooCommerce, láti òkè wá sísàlẹ̀ ni wọ́n ń ka àwọn agbègbè ìfọjàránṣẹ́, èyí àkọ́kọ́ tó bá àdírẹ́sì mu ni wọ́n ń mú. Ẹ fi agbègbè tó kéré jù sókè, kí gbogbo orílẹ̀-èdè wà nísàlẹ̀. Bí ó bá yí padà, iye tí ẹ kọ fún ìlú yín kò ní hàn láéláé.

Àwọn pèpéle yòókù? Wix àti Squarespace dára fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kò pọ̀, tó jẹ́ pé ojú ìwé nípa iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, àmọ́ ẹ kò lè gbé odindi ìsọ̀ tí ẹ kọ́ sórí Wix lọ síbòmíràn. PrestaShop àti OpenCart jọ WooCommerce ní ti pé ẹ̀yin lẹ óò wá hosting. Magento, tí Adobe rà lọ́dún 2018, kì í ṣe ti ẹni méjì. Etsy àti Amazon, ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti jọ ń tà, ní èrò púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni oníbàárà ń jẹ́ oníbàárà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín. Ẹ lè lò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ yín.

Fún yín gan-an: tí Shopify Payments bá wà ní orílẹ̀-èdè yín, tí ó sì gba ọ̀nà tí oníbàárà yín ń gbà sanwó, ẹ mú Shopify Basic, ẹ má sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni méjì tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ máa tọ́jú sáfà, bàtà ni kí wọ́n máa ṣe. Tí kò bá sí, ẹ ṣe ìṣirò 2% yẹn lórí ọjà oṣù mẹ́ta tó kọjá, kí ẹ pín in sí mẹ́ta kó lè jẹ́ ti oṣù kan. Bí ó bá kéré sí owó tí ẹ óò máa san fún ẹni tó ń tọ́jú WooCommerce lóṣù, Shopify ṣì ni. Bí ó bá jù ú lọ, ẹ mú WooCommerce, lórí hosting tó ń bá yín ṣe update àti ẹ̀dà, pẹ̀lú ẹnì kan tí ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn. Ẹ kọ sínú ìwé náà pé láàárín wákàtí mélòó ni yóò dáhùn tí ojú ìsanwó bá dákẹ́. Láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fọwọ́ kan WooCommerce.

Lákòókò ìdánwò, ẹ má fi báàgì tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọjà márùn-ún tó le jù, èyí tó ní nọ́ńbà àti àwọ̀ púpọ̀ àti èyí tí ẹ ń wọn ẹsẹ̀ kí ẹ tó ṣe, kí ẹ gbé wọn sórí pèpéle tí ẹ fẹ́ dán wò fúnra yín. Kí àwòrán má fẹ̀ ju 1,600 píksẹ́lì lọ, ní irú fáìlì àwòrán tó ń jẹ́ WebP, kí ìwúwo rẹ̀ má sì ju 200 KB lọ. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ fi dátà fóònù ṣí i: Google ń fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé ti hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ẹ fi káàdì tòótọ́ ra bàtà kan, ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ sì dúró de ọjọ́ tí owó náà máa dé. Ẹ tún sanwó kan kí ẹ sì pa fóònù kí ìsọ̀ tó ṣí padà, kí ẹ wò ó bóyá yóò mọ̀ pé owó wọlé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ lọ ra domain fúnra yín lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta domain, ní orúkọ yín, kí ẹ wá so ó mọ́ ìsọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó kọ́ ìsọ̀ rà á ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ máa gba fáìlì CSV (àkọsílẹ̀ bí àtẹ, tí Excel lè ṣí) ti ọjà, oníbàárà àti àwọn ohun tí wọ́n rà sílẹ̀ lóṣooṣù, kí àwòrán ojúlówó sì wà lórí kọ̀ǹpútà yín: ìlíǹkì àwòrán nìkan ló ń wà nínú CSV Shopify, tí ìsọ̀ bá sì ti tì pa, ìlíǹkì náà lè kú. Tí ẹ bá fẹ́ kó lọ sórí pèpéle mìíràn lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà kì í bá fáìlì lọ, nítorí náà ẹ ó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ṣe òmíràn. Àdírẹ́sì ọjà náà yóò yí padà, torí /products/ ni Shopify ń lò tipátipá, nígbà tó jẹ́ /product/ ni WooCommerce ń bá wá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó kúrò, ẹ fi 301 darí àdírẹ́sì àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sí tuntun tó bá a mu, kì í ṣe gbogbo wọn sójú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán.